Ìlò ẹkonomẹ́tíríìkì nínú ìwádìí

Ẹkonomẹ́tíríìkì ni ẹ̀ka ìmọ̀ ọrọ̀ ajé tó ń lo ìṣirò àti ìmọ̀ statistiki láti wọn bí ohun kan ṣe ń ní ipa lórí òmíràn nínú ìgbésí-ayé àwọn ènìyàn: bí owó ọ̀yà ṣe kan ìgbanisíṣẹ́, bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe kan iye ọmọ tí obìnrin ń bí, bí gbèsè ìjọba ṣe kan ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè. Ragnar Frisch, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, ló mú orúkọ náà wọ inú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní ọdún 1926. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ rẹ̀, Econometric Society, bẹ̀rẹ̀ ní 1930. Nígbà tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi Ẹ̀bùn Nobel fún àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ní 1969, Frisch àti Jan Tinbergen ọmọ ilẹ̀ Netherlands ni wọ́n jọ gbà á.

Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ẹkonomẹ́tíríìkì ló kún fún ìlànà ìṣirò. Ẹni tó bá dé ẹnu ìwádìí gidi yóò rí i pé kọ̀ǹpútà ń parí ìṣirò yẹn kí ó tó ṣẹ́jú. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ṣáájú ìṣirò àti lẹ́yìn rẹ̀: irú ìbéèrè tí olùwádìí béèrè, àwọn tó fi wé ara wọn, bí wọ́n ṣe kó dátà jọ, àti ohun tó sọ pé èsì náà túmọ̀ sí. Apá yẹn ni àyọkà yìí dá lé, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1976 sì ni àpẹẹrẹ tó gbé e ró jù lọ.

Ìbéèrè àti ìfiwéra

Ìbéèrè kan nìyí: bí ọmọbìnrin bá pẹ́ sí i ní ilé-ẹ̀kọ́, ǹjẹ́ iye ọmọ tí yóò bí nígbà tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí yóò dín kù? Àwọn ìwádìí ilé-sí-ilé nípa ìlera àti iye ènìyàn, tí a mọ̀ sí NDHS ní Nàìjíríà, ń fi hàn léraléra pé obìnrin tó kàwé kì í bí ọmọ tó ẹni tí kò kà. Ó rọrùn láti wo ìyẹn nìkan kí a sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí. Òbí tó rán ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún mẹ́rìnlélógójì tàbí àádọ́ta sẹ́yìn yàtọ̀ sí èyí tí kò rán tirẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ ará ìlú ńlá, ó lè lówó lọ́wọ́, ilé rẹ̀ lè sún mọ́ ilé ìwòsàn, ìyá ọmọ náà sì lè ti kàwé díẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn nǹkan wọ̀nyí lè dín iye ọmọ kù fúnra rẹ̀, bí ọmọbìnrin náà kò bá tilẹ̀ wọ kíláàsì rí. Ọ̀rọ̀ náà sì tún lè yí orí kodò: ọmọbìnrin lè fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó ti lóyún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, oyún ló dín ìwé kù, kì í ṣe ìwé ló dín ọmọ kù.

Ohun tí olùwádìí ń wá gan-an ni iye ọmọ tí obìnrin yìí kan náà ìbá ti bí ká ní kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnì kan kò sì lè gbé ayé méjì. Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú iṣẹ́ yìí jẹ́ ọ̀nà láti rí àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n lè dúró fún ayé kejì náà láìsí àbòsí. Kí olùwádìí tó tan kọ̀ǹpútà, ó yẹ kó lè kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan: ta ni nǹkan yí padà fún, kí ló yí i padà, ta ni a ó fi í wé, kí sì ni ìdí tí ẹni tí a fi í wé náà fi yẹ. Ẹni tí kò bá lè kọ gbólóhùn yẹn kò tíì ní ìwádìí lọ́wọ́, bó ti wù kí dátà rẹ̀ pọ̀ tó.

Irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ jù lọ ni regression. Ìṣirò yìí ń wá ìlà tó sún mọ́ gbogbo dátà jù lọ, ó sì ń jẹ́ kí olùwádìí fi àwọn tí ọjọ́ orí wọn, ìlú wọn àti owó tó ń wọlé fún wọn jọra wé ara wọn. Agbára rẹ̀ kò kọjá ohun tí wọ́n wọ̀n. Bí kò bá sí ẹni tó béèrè bóyá òbí fẹ́ràn ẹ̀kọ́, kò sí bí ìṣirò náà ṣe lè mú ìyẹn kúrò.

Àṣìṣe kan wà níbí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Wọ́n rò pé bí ohun tí wọ́n fi sínú regression bá ṣe pọ̀ tó ni èsì yóò ṣe dára tó. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ máa ń mú kí ọmọbìnrin pẹ́ kó tó lọ́kọ, pípẹ́ lọ́kọ sì jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà dín ìbímọ kù. Olùwádìí tó bá fi kìkì àwọn tí wọ́n lọ́kọ ní ọjọ́ orí kan náà wé ara wọn ti dí ọ̀nà yẹn pa, yóò sì sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ti wà kí okùnfà tó dé ló yẹ kó wọ inú ìṣirò. Ohun tí okùnfà náà bí, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni ààyè rẹ̀.

Ṣíṣẹ́ gègé

Ìfiwéra tó mọ́ jù lọ ni èyí tí gègé pín. Bí ó bá jẹ́ gègé ló pinnu ẹni tí yóò gba nǹkan àti ẹni tí kò ní gbà á, kò sí ìdí tí ìhà kan yóò fi lówó tàbí gbọ́n ju ìkejì lọ, àyàfi ìyàtọ̀ kékeré tí oríire ń mú wá, èyí tí ìmọ̀ statistiki sì mọ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Léonard Wantchekon, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, lo ọ̀nà yìí nínú ìdìbò ààrẹ tó wáyé níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2001, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá sọ pé kò ṣeé ṣe. Ó bá àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe àdéhùn pé ní àwọn abúlé kan, ìlérí iṣẹ́ àti ohun ìní fún àwọn ará ibẹ̀ nìkan ni wọn yóò fi polongo. Ní àwọn abúlé mìíràn, ọ̀rọ̀ nípa ètò tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè nìkan. Gègé ló yan àwọn abúlé náà. Èsì rẹ̀, tó jáde ní 2003, fi hàn pé ìlérí fún ará ilé ẹni ń fa ìbò ju ọ̀rọ̀ nípa ìlú lápapọ̀ lọ, ṣùgbọ́n pé àwọn obìnrin tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ nípa ètò orílẹ̀-èdè ju àwọn ọkùnrin lọ.

Gègé kò ṣeé ṣẹ́ lórí ohun gbogbo. Kò sí ẹni tó lè fi í pinnu orílẹ̀-èdè tí yóò jẹ gbèsè, tàbí ọmọ tí kò ní kàwé títí ayé rẹ̀. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, olùwádìí a máa wá inú ìtàn bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ kan ti pín àwọn ènìyàn sí méjì láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló yàn án.

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1976

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, ìjọba ológun tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ń darí bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí UPE. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi ló jẹ́ tuntun sí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 1955. Ìlà-Oòrùn gbìyànjú rẹ̀ ní 1957, ṣùgbọ́n owó kò jẹ́ kó dúró. Nígbà tí ti 1976 fi máa dé, ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Iléṣà kò rí ìyípadà ńlá kan, nígbà tí ó jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ibi ní Àríwá, àkókò náà ni kíláàsì kọ́kọ́ sún mọ́ ilé.

Una Okonkwo Osili àti Bridget Terry Long rí ìfiwéra nínú ìtàn yìí. Iṣẹ́ wọn jáde ní 2008 nínú Journal of Development Economics, dátà NDHS ti 1999 ni wọ́n sì lò. Wọ́n ya àwọn obìnrin sí ọ̀nà méjì: ní ti ọjọ́ orí, àwọn tó ṣì kéré tó láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí UPE dé yàtọ̀ sí àwọn tó ti dàgbà kọjá rẹ̀, ní ti ibùgbé, ibi tí ètò náà ti mú ìyípadà ńlá wá yàtọ̀ sí ibi tí kò ti fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà. Ó lè ya òǹkàwé Yorùbá lẹ́nu pé ilẹ̀ tó ṣáájú nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ìṣirò yìí kà sí ibi tí nǹkan kò ti ṣẹlẹ̀. Àní nítorí pé ó ṣáájú ni.

Ìṣirò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò le. Ká lo àwọn nọ́ńbà àpẹẹrẹ lásán. Ká ní ní ibi tí UPE ti jẹ́ tuntun, àwọn àgbà obìnrin lo ọdún 2 ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn àbúrò wọn lo 5: ó fi 3 lé sí i. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn àgbà lo 6, àwọn àbúrò lo 8: ó fi 2 lé. Ọdún 2 yẹn ni ohun tí ìgbà tó ń lọ mú wá fún gbogbo ènìyàn, UPE ì báà wà tàbí kó má sí. Ohun tó kù, ìyẹn ọdún 1, ni a lè kà sí ti UPE. A ó wá ṣe irú ìyọkúrò kan náà fún iye ọmọ tí wọ́n bí kí wọ́n tó pé ọdún 25. Bí ó bá dín 0.5 kù ní ibi àkọ́kọ́ tó sì dín 0.2 kù ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìyàtọ̀ jẹ́ 0.3. Pín 0.3 fún ọdún 1 ilé-ẹ̀kọ́, èsì rẹ̀ ni pé ọdún kan ní ilé-ẹ̀kọ́ dín ọmọ 0.3 kù. Èsì tí Osili àti Long rí nínú dátà gidi ni 0.26.

Gbogbo rẹ̀ dúró lórí ohun kan tí kò sí nínú dátà: pé ká ní UPE kò wáyé, ìhà méjèèjì ìbá ti máa yí padà ní ìwọ̀n kan náà. Ibi tí ó yẹ kí olùwádìí lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nìyí. Ogun abẹ́lé jà láti 1967 sí 1970, Ìlà-Oòrùn ló sì jẹ ìyà rẹ̀ jù. Owó epo rọ̀bì wọlé lójijì ní àwọn ọdún 1970. Ní oṣù kejì ọdún 1976, ìpínlẹ̀ di 19 láti 12, ìlú tó di olú-ìlú tuntun sì rí nǹkan gbà tí àwọn tó kù kò rí. Èyíkéyìí nínú wọn lè farapamọ́ sínú 0.26. Ọ̀nà àyẹ̀wò tó dára ni pé kí olùwádìí mú ọ̀wọ́ obìnrin méjì tí gbogbo wọn ti dàgbà jù fún UPE, kó sì ṣe ìṣirò kan náà lórí wọn. Bí ìyàtọ̀ bá yọjú níbẹ̀, a jẹ́ pé ìhà méjèèjì ti ń lọ ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ètò náà tó dé.

Ọ̀nà ìyọkúrò méjì yìí náà ni David Card àti Alan Krueger lò nígbà tí ìpínlẹ̀ New Jersey fi kún owó ọ̀yà tó kéré jù lọ, láti dọ́là 4.25 sí 5.05 fún wákàtí kan, ní oṣù kẹrin ọdún 1992. Pennsylvania tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò fi kún tirẹ̀. Nínú ilé oúnjẹ àjẹyára 410 tí wọ́n wò ní ìhà méjèèjì, wọn kò rí i pé iṣẹ́ dín kù ní New Jersey. Card wà lára àwọn mẹ́ta tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2021, pẹ̀lú Joshua Angrist àti Guido Imbens.

Ohun tó ń ti okùnfà láti ìta

Nígbà mìíràn, olùwádìí máa ń wá ohun kan tó ń ti okùnfà síwájú ṣùgbọ́n tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti kan àbájáde. Ohun tí UPE ṣe lókè nìyẹn: ó ti ọmọbìnrin lọ sí kíláàsì. Ìdajì àkọ́kọ́ ṣeé fi dátà yẹ̀ wò. Ìdajì kejì, pé kò sí ọ̀nà mìíràn, kò ṣeé fi ẹ̀rí kan ṣoṣo fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó gba àlàyé.

Nathan Nunn àti Wantchekon ṣe àpẹẹrẹ rere nípa èyí ní 2011, nínú iṣẹ́ wọn lórí òwò ẹrú. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn Áfíríkà tí òwò ẹrú kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba-ńlá wọn lọ kì í fọkàn tán ẹbí, aládùúgbò àti ìjọba ìbílẹ̀ wọn tó àwọn yòókù. Wọ́n lo jíjìnnà ilẹ̀ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí etí òkun gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń ti òwò náà láti ìta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé etí òkun lè ti yàtọ̀ nítorí pé ó ń bá àlejò pàdé, láìsí ọ̀rọ̀ ẹrú. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n lọ wo Éṣíà, níbi tí òwò ẹrú yìí kò dé, bóyá jíjìnnà sí òkun ní í ṣe pẹ̀lú ìfọkàntánni níbẹ̀. Kò ní í ṣe. Ìyẹn kò pa gbogbo iyèméjì, ó kàn jẹ́ kí iyèméjì náà kéré sí i lọ́nà tí òǹkàwé lè fojú rí.

Dátà

Kí olùwádìí tó ṣe ìṣirò kankan, ó yẹ kó wo dátà rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì: nọ́ńbà tó kéré jù, èyí tó tóbi jù, ibi tó ṣófo, ibi tí wọ́n kọ 99 sí nítorí pé ẹni tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò dáhùn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni 99 yẹn ti wọ̀ bíi pé ọdún ni.

Ọjọ́ orí jẹ́ ìṣòro ńlá ní Nàìjíríà. Àwọn tí kò mọ ọjọ́ ìbí wọn máa ń sọ ọjọ́ orí tó parí sí 0 tàbí 5, tó fi jẹ́ pé àwọn ẹni ọdún 30 àti 35 pọ̀ ju àwọn ẹni ọdún 31 lọ nínú àkọsílẹ̀. Fún ìwádìí bí ti UPE, níbi tí ọdún ìbí ti ń pinnu ẹni tí ètò náà kàn, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ìwọ̀n náà ńkọ́? Àjọ Ìṣirò Nàìjíríà, NBS, àti Báǹkì Àgbáyé jọ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí GHS-Panel ní 2010, tí wọ́n ti ń padà sọ́dọ̀ ìdílé kan náà ní ìgbà dé ìgbà. Àwọn ìdílé kì í dáhùn ní kílò. Kóńgò, mudu, àpò àti òkìtì ni wọ́n ń sọ. Kóńgò tí wọ́n gbé orí fún àti èyí tí wọ́n fi ọwọ́ gé létí kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó bá sì ti ra gàrí ní ọjà méjì kò nílò ẹ̀rí. Olùwádìí ní láti lo tábìlì tó ń yí ìwọ̀n ọjà padà sí kílò ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ kóńgò ni yóò máa pè ní ìyàtọ̀ òṣì.

Ní Uganda, Calogero Carletto, Sara Savastano àti Alberto Zezza fi ohun tí àgbẹ̀ sọ nípa títóbi oko rẹ̀ wé ohun tí ẹ̀rọ GPS wọ̀n. Àwọn tí oko wọn kéré ń bù kún un, àwọn tí tiwọn tóbi ń bù ú kù. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn bóyá òótọ́ ni pé oko kékeré ń so ju oko ńlá lọ ní hẹ́kítà kan, tàbí àṣìṣe ìwọ̀n lásán ni. Lẹ́yìn àtúnṣe, àwárí náà kò pòórá. Ṣe ló tún lágbára sí i.

Dátà ìjọba pàápàá lè yí padà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Nàìjíríà fi ọdún 2010 rọ́pò 1990 gẹ́gẹ́ bí ọdún ìpìlẹ̀ fún ìṣirò GDP, ìyẹn àpapọ̀ iye ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún. Tẹlifóònù alágbèéká àti fíìmù Nollywood, tí ìṣirò àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kà, wọlé síbẹ̀. GDP ọdún 2013 fò sókè ní nǹkan bí ìpín 89 nínú ọgọ́rùn-ún, Nàìjíríà sì kọjá South Africa. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò nípọn sí i ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá so nọ́ńbà àtijọ́ mọ́ tuntun láìwo ọdún ìpìlẹ̀ yóò rí ìdàgbàsókè tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Dátà tó ń bá ìgbà lọ

Iṣẹ́ ìwádìí ìkẹ́kọ̀ọ́-jáde púpọ̀ ní yunifásítì Nàìjíríà ló ń lo dátà ọdọọdún láti inú ìwé ìṣirò Báǹkì Àpapọ̀: ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, owó náírà, ọ̀wọ́n gógó, ìnáwó ìjọba. Ewu tó wà níbẹ̀ ti di mímọ̀ láti 1926, nígbà tí George Udny Yule fi hàn pé láàárín 1866 sí 1911, ìpín àwọn ìgbéyàwó tó wáyé nínú Ìjọ England àti iye ikú nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ara wọn rìn débi 0.95, níbi tí 1 ti jẹ́ ìbárìn pípé. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pa ènìyàn. Nǹkan méjèèjì kàn ń lọ sílẹ̀ ní àkókò kan náà ni. Ní 1974, Clive Granger àti Paul Newbold fi kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá ọ̀wọ́ nọ́ńbà tí kò mọ ara wọn rí, regression sì ń sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé wọ́n bá ara wọn tan.

Àyẹ̀wò tí David Dickey àti Wayne Fuller gbé jáde ní 1979, àti ọ̀nà tí Robert Engle àti Granger kọ ní 1987, ni àwọn olùwádìí ń lò láti mọ̀ bóyá nǹkan méjì so mọ́ ara wọn ní tòótọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn káàkiri. Àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí kò lágbára púpọ̀ lórí ogójì nọ́ńbà. Wọn kò sì mọ ìtàn: náírà ṣáájú ètò àtúntò ọrọ̀ ajé SAP ti 1986 àti náírà lẹ́yìn rẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin kan náà, ìlà kan ṣoṣo tó bá sì la méjèèjì kọjá kò ṣe àpèjúwe èyíkéyìí nínú wọn.

Àmì ìràwọ̀ àti ìwọ̀n iyèméjì

Tábìlì èsì máa ń ní àmì ìràwọ̀ lára nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà gbà pé ó nira kó jẹ́ oríire lásán. Ìràwọ̀ kò sọ pé nọ́ńbà náà tóbi, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ó ṣe pàtàkì. Ètò tó fi náírà mẹ́ta kún owó ìdílé lóṣù lè ní ìràwọ̀ mẹ́ta bí dátà bá pọ̀ tó.

Ìwọ̀n iyèméjì tó ń bí ìràwọ̀ náà lè jẹ́ irọ́. Nínú ìwádìí UPE, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló wà nínú dátà, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ 19 péré ló wà ní 1976. Obìnrin ẹgbẹ̀rún kan láti ìpínlẹ̀ kan náà kì í ṣe ẹ̀rí ẹgbẹ̀rún kan. Ìjọba kan ló ṣe ìpinnu fún gbogbo wọn. Marianne Bertrand, Esther Duflo àti Sendhil Mullainathan fi ewu yìí hàn ní 2004. Wọ́n mú dátà owó iṣẹ́ àwọn obìnrin Amẹ́ríkà, wọ́n ṣẹ̀dá òfin tí kò sí rí fún àwọn ìpínlẹ̀ kan, wọ́n sì ṣe ìṣirò ìyọkúrò méjì lórí rẹ̀. Ó yẹ kí ìràwọ̀ yọ nígbà 5 nínú 100. Ó yọ títí dé nǹkan bí ìgbà 45. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ìṣirò iyèméjì máa ka àwọn ará ìpínlẹ̀ kan pọ̀ mọ́ ara wọn. Nígbà tí ìpínlẹ̀ bá kéré níye bíi 19, ó yẹ kí olùwádìí ṣọ́ra pẹ̀lú àtúnṣe yẹn pàápàá.

Ọ̀nà mìíràn tí ìràwọ̀ fi ń parọ́ ni ìgbìyànjú púpọ̀. Ẹni tó bá dán ogún ìṣirò wò lórí ohun tí kò sí yóò rí ọ̀kan tó ní ìràwọ̀, bí ó bá sì jẹ́ òun nìkan ló kọ sínú ìwé, òǹkàwé kò ní mọ̀. Edward Leamer bẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí ní 1983, Peter Kennedy sì fi í sínú òfin mẹ́wàá tó kọ ní 2002 fún àwọn tó ń lo ẹkonomẹ́tíríìkì. Ohun tí olùwádìí lè ṣe ni kó kọ ìṣirò tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó rí àbájáde, kó sì fi àwọn èyí tí kò yọrí sí rere hàn pẹ̀lú àwọn tó yọrí.

Àtúnṣe iṣẹ́ látọwọ́ ẹlòmíràn

Stata, R, Python, EViews: èyí tí olùwádìí bá yàn kò ṣe pàtàkì tó pé kí gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ wà ní kíkọ, láti dátà tútù títí dé tábìlì ìkẹyìn. Ọ̀fẹ́ ni R àti Python. Dátà tútù kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹ̀dà rẹ̀ ni a ń tún ṣe.

Ní 2010, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff kọ pé àwọn orílẹ̀-èdè tí gbèsè ìjọba wọn kọjá ìpín 90 nínú ọgọ́rùn-ún GDP ń dàgbà ní ìpíndọ́gba -0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Àwọn olóṣèlú ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà di nọ́ńbà yìí mú nígbà tí wọ́n ń gé ìnáwó ìjọba kù. Thomas Herndon, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, gbìyànjú láti tún ìṣirò náà ṣe fún iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀, kò sì bára mu. Nígbà tí ó rí fáìlì Excel gba lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé náà, ó rí i pé ìlànà ìpíndọ́gba kò dé orí ìlà márùn-ún: Australia, Austria, Belgium, Canada àti Denmark. Àwọn ọdún kan tún ṣẹ́kù síta, ọ̀nà tí wọ́n gbà fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìpín rẹ̀ sì ṣeé jiyàn. Òun, Michael Ash àti Robert Pollin gbé tiwọn jáde ní 2013: 2.2 ni ìpíndọ́gba, kì í ṣe -0.1. Reinhart àti Rogoff gbà pé àṣìṣe Excel náà ṣẹlẹ̀, àmọ́ wọ́n dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn pé gbèsè púpọ̀ àti ìdàgbàsókè kékeré máa ń rìn pọ̀. Iyàn nípa ìyókù ṣì ń lọ. Ti ìlà márùn-ún kò ní iyàn nínú, ó sì lo ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó rí i, nítorí pé fáìlì náà kò sí níta.

Kíka èsì

Nígbà tí èsì bá jáde, ó yẹ kí olùwádìí sọ ti ẹni tó jẹ́. 0.26 tí Osili àti Long rí kì í ṣe ti gbogbo obìnrin Nàìjíríà. Ti àwọn tí UPE mú wọ kíláàsì ni. Ọmọ ọlọ́rọ̀ tí ìbá lọ bí ètò náà kò bá tilẹ̀ sí kò dá sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tí òbí rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́. Imbens àti Angrist ló ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí ní 1994.

Ti ìgbà èwe nìkan sì tún ni. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1976 jẹ́ ẹni ọdún 29 nígbà tí àwọn tó ń ṣe NDHS kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1999, ó sì ṣì ní ọ̀pọ̀ ọdún níwájú tó lè fi bímọ. Bóyá àwọn ọmọ tí kò bí kí ó tó pé ọdún 25 ni kò bí mọ́ rárá, tàbí ó kàn sún wọn síwájú ni, dátà ọdún yẹn kò lè sọ ọ́.